Àdúrà Bàbá Olúsànyà àti Ìdánwò Ìyàwó Mi

Ó ti rẹ gbogbo wa nílé yìí. Ó rẹ èmi, ó rẹ ìyàwó ọmọ mi, ó rẹ jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ náà ṣe ń wúkọ́ lẹ́yìn ilé, ẹ óò rò pé bàbá arúgbó kan la so mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó kó àárẹ̀ bá wa ni pé Morádéyọ̀, ìyàwó Kingsley ọmọ mi, ń kàwé gba dìgírì kejì ní yunifásítì kan lókè òkun, bẹ́ẹ̀ kò kúrò ní Ìlútítun. Orí láptọ́ọ̀pù ló ti ń kà á, ní ìdí fèrèsé yàrá mi, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé bí ọmọlúwàbí. Mo ti bímọ nínú yàrá yẹn, mo ti ṣọ̀fọ̀ ọkọ nínú ẹ̀. N kò mọ̀ pé ó máa di yunifásítì kí n tó kú.

Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí wàhálà ọmọ náà ṣe rí. Bó bá ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò tán nílé ẹ̀kọ́, á délé, á fún Treasure lọ́mú, á wá bá mi yí púpurú, ẹ̀gẹ́ tí a mọ róbótó, tó wà lórí iná padà kó má baà jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni á tó lọ jókòó ti àwọn òyìnbó rẹ̀. Àìmọye ìgbà ni mo ti bá a tó ń sùn lójú kíláàsì, tí olùkọ́ ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù. Mo máa ń sọ fún olùkọ́ náà pé kó rọra sọ̀rọ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, mo bi í pé kí ni wọ́n ń kọ́ ọ gan-an.

"Ẹ̀kọ́ dátà ni, Màmá."

"Dátà? Èyí tí Susan ń tà lábẹ́ agboòrùn?"

"Kì í ṣe ìyẹn, Màmá. Ká kó ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà jọ, ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ká lè sọ ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ lọ́la."

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ọkọ ẹ ní òun ń bọ̀ ní Kérésì, kò wá. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde, kò wá. Ó ní òun ń bọ̀ wá ṣe ìkórè, a ò rí i. Ó tún ti pè láti Wàrí pé òun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Kí ni dátà wí?"

Morádéyọ̀ wo òkè àjà. "Màmá, kò ní wá."

"Ẹ gbé fìlà dìgírì tèmi wá!"

A rẹ́rìn-ín títí Treasure fi jí, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bẹ́ẹ̀ ni ayé wa rí nígbà náà: ẹ̀rín díẹ̀, àárẹ̀ púpọ̀.

Ọdún méjì ló fi ń bá a yí. Níkẹyìn, ó wá ku ìdánwò kan ṣoṣo. Bó bá yege, ó parí. Bí wọ́n bá mú un pé ó jíwèé wò, wọ́n á lé e, gbogbo òru tí kò sùn á di omi tí a dà sínú apẹ̀rẹ̀. Ilé náà ló ti máa ṣe é, ṣùgbọ́n kámẹ́rà inú láptọ́ọ̀pù á máa ṣọ́ ọ. Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ jẹ́léósinmi.

"Wákàtí mẹ́ta ni, Màmá. Mi ò gbọ́dọ̀ dìde. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọlé. Bí kámẹ́rà ò bá rí ojú mi, tàbí tó bá gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, wọ́n á ní ẹnì kan ń sọ ìdáhùn fún mi."

"Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ẹ́ ńkọ́?"

"Mi ò ní mu omi láti àárọ̀."

"O káre. Èmi tí mi ò mu nǹkan kan gan-an, ṣe ni mò ń tọ̀ bíi páìpù tó bẹ́."

Ìlẹ̀kùn yàrá mi kò ṣeé tì. Omi òjò ti mú un wú, ó dà bí ikùn ọkùnrin tó ń mu bíà, kò sì bá férémù rẹ̀ mu mọ́. Nítorí náà, èmi ni mo di ìlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Sátidé tí ìdánwò bọ́ sí, mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, mo pọn Treasure, mo mú ẹsẹ̀ méjèèjì dí ojú ọ̀nà. Ẹ̀mí kankan kò ní kọjá.

Janet aládùúgbò wa ló kọ́kọ́ dé. Asẹ́ ló fẹ́ yá.

"Ìyá Kingsley, ẹ kú—"

"Má kí mi."

"Háà! Ṣé kì í ṣe ìjà?"

"Ìdánwò ni. Gba ẹ̀yìn lọ mú asẹ́, má sì jẹ́ kí bàtà ẹ dún."

"Ṣé ẹ̀yin náà ti ń ṣe ìdánwò ni?"

"Janet, màá fi bàtà mi dá ẹ lóhùn."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Ewúrẹ́ kan tún wá. Ìyẹn ni bàtà náà bà. Mo wá jókòó, inú mi ń dùn sí ara mi. Ṣùgbọ́n láti ìdájí ni mo ti ń fẹ́ iná púpurú, oorun sì ń kùn mí. Mo ń tòògbé, mo ń ta jí, bí àtùpà tí epo rẹ̀ ti fẹ́ tán. Nígbà tí mo la ojú lẹ́ẹ̀kan, aṣọ funfun ni mo rí níwájú mi.

Bàbá Olúsànyà ni, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ mi, alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà wa. Ó wọ sùtánà rẹ̀ láìwọ bàtà, kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí n tó rántí pé ọlọ́pàá ni mí, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Mo ti di ìyá àgbà, irun mi ti funfun tán, ìyàwó ni Bàbá ṣì ń pè mí.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

"Ìyàwó, ṣé àlàáfíà ni? Ọmọ wa tó ń ṣe ìdánwò dà? Ẹ̀mí sọ fún mi pé kí n wá gbàdúrà lé e lórí."

Ẹ̀mí kọ́ ló sọ fún un o. Èmi ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí wọ́n ní ẹni tó bá ní ìbéèrè àdúrà kó dìde, mo dìde. Mo ní kí ìjọ rántí ìyàwó mi, tó ń bá àwọn òyìnbó ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Sátidé, ní aago méjì ọ̀sán, nínú yàrá mi. Kò sí ìdí tí mo fi níláti dárúkọ aago. Ìyá Juliet ló jókòó níwájú mi, ẹni tí kì í jẹ́ ká gbádùn nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà. Mo fẹ́ kó gbọ́ dáadáa ni.

Ohun tí mo ti múra sílẹ̀ láti sọ fún gbogbo ayé ni pé ó ń sùn. Mo la ẹnu. Irọ́ náà wo sùtánà funfun, ó padà sí ọ̀fun mi.

"Ó wà nínú yàrá, Bàbá, ṣùgbọ́n..."

Bàbá ti fọwọ́ kàn mí lórí, ó ti kọjá. "Ṣùgbọ́n" kù sí mi lẹ́nu bí egungun ẹja. Mo fẹ́ dìde kí n sá tẹ̀lé e. Orúnkún ní rárá. Treasure wà lẹ́yìn mi, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá mi ní ìhà bí ẹni ń lé ẹṣin. Ṣe ni mo rá pálá dé ẹnu ọ̀nà yàrá, mo yọjú lábẹ́ aṣọ ìlẹ̀kùn.

Morádéyọ̀ ti rí i. Ó wo Bàbá, ó wo kámẹ́rà, ó tún wo Bàbá. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe rẹ̀wẹ̀sì. Ó sì kúnlẹ̀. Àga ṣófo.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bàbá Olúsànyà, ẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá fún un ní àdúrà ìparí nínú ìjọ wa, àwọn obìnrin a máa lọ bu omi mu kí wọ́n tó padà wá ṣe Àmín. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Ábúráhámù. Ó súre fún ojú rẹ̀, fún ìka ọwọ́ rẹ̀, fún láptọ́ọ̀pù, fún òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fún àwọn olùkọ́ níbikíbi tí wọ́n bá sùn sí. Ọmọ náà ní, "Àmín," ó fẹ́ gbéra. Bàbá ní, "Olúwa tún ní kí n sọ pé..." Ó padà kúnlẹ̀. Ta ni ń dìde kúrò lábẹ́ ọwọ́ alàgbà nígbà tí àdúrà ò tíì parí? Láptọ́ọ̀pù náà ké bí ẹyẹ, ó sì sọ̀rọ̀ òyìnbó kan jáde.

Bàbá gbọ́ ọ. Ó ní, "Àmín o!"

Nígbà tó parí, ojú láptọ́ọ̀pù ti dúdú. Bàbá gba púpurú díẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní ìdánwò ti yanjú, ó lọ.

Morádéyọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Kò sunkún. Ì bá sàn kó sunkún.

"Wọ́n ti tì mí síta, Màmá."

"Ìyá Treasure, má bínú. Èmi ló yẹ kí n—"

"Kí lẹ fẹ́ ṣe, Màmá? Ṣé èmi náà ò kúnlẹ̀ ni?"

Yunifásítì náà kọ̀wé sí i lórí láptọ́ọ̀pù. Wọ́n ní ó fi ara pamọ́ fún kámẹ́rà, ọkùnrin kan sì ń sọ ọ̀rọ̀ lọ títí ní èdè tí wọn ò gbọ́, òun náà sì ń fèsì. Létí ẹni tí kò mọ "Àmín", ó jọ ẹni ń sọ pé "mo ti kọ ọ́, sọ èyí tó kàn." Wọ́n ní kó wá fojú kan ìgbìmọ̀ wọn.

Lọ́jọ́ náà, èèyàn mẹ́ta ló hàn nínú láptọ́ọ̀pù, obìnrin kan ló jẹ́ olórí wọn. Èmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí wọn ò ti lè rí mi. N kò gbọ́ òyìnbó wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, Morádéyọ̀ ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà.

Ọkùnrin kan nínú wọn, onídígí ojú, bi í pé, ṣé kò lè kí bàbá náà láti orí àga ni?

"Rárá, sà."

Kó kàn mi orí sí i ńkọ́?

"Sà, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni. Ó ń gbàdúrà lé mi lórí. Bí mo bá jókòó wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ máa fún mi ní dìgírì, ṣùgbọ́n mi ò ní rí ibi gbé."

Wọ́n wo ara wọn. Olórí wọn tún béèrè nǹkan kan. N kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n mo rí i tí ojú Morádéyọ̀ fẹ́ yí sọ́dọ̀ mi, tó tún yí padà.

"Kí ni wọ́n wí?" ni mo bi í.

"Kò sí nǹkan, Màmá."

"Morádéyọ̀!"

"Wọ́n ní ta ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà."

Ó fẹ́ bò mí láṣìírí! Mo gbéra, mo ki orí mi síwájú kámẹ́rà. Wọ́n ní ihò imú mi ló kọ́kọ́ hàn sí wọn. "Èmi ni!" ni mo pariwo. "Sọ fún wọn pé èmi ni ọlọ́pàá, èmi náà ni mo kọ́kọ́ wólẹ̀. Sọ fún wọn pé bí bàbá yẹn bá dé, ara ló ń kúnlẹ̀, èèyàn kọ́. Kí wọ́n wò ó!"

Mo sì kúnlẹ̀ fún wọn kí wọ́n rí i. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe, ẹ̀yin ará. Kíkúnlẹ̀ rọrùn, dídìde ni kò rọrùn. Mo há sábẹ́ tábìlì, mo di ẹsẹ̀ àga mú, kò gbé mi.

"Ṣé wọ́n rí i?" ni mo kígbe láti ìsàlẹ̀.

"Wọn ò rí yín rárá, Màmá."

"Ohun tí mò ń sọ fún wọn gan-an nìyẹn!"

Morádéyọ̀ ní láti kúrò lórí àga wá fà mí. Èmi àti òun wà nílẹ̀, a ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sí ẹnì kankan níwájú kámẹ́rà mọ́. Lókè lọ́hùn-ún, nínú láptọ́ọ̀pù, mo gbọ́ tí olórí wọn ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbìyànjú láti gbé e mì, kò gbé mì. Ọkùnrin onídígí ń béèrè bóyá nǹkan ṣe wá.

Wọ́n gbà pé kò jíwèé wò. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìdánwò tó dá sí méjì kò ní máàkì. Ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè tuntun. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún wọlé, ó parí nìyẹn, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó pa láptọ́ọ̀pù dé. Ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

"Màmá, mi ò lè ṣe é mọ́. Ó ti rẹ̀ mí dé egungun."

N kò wàásù fún un. Ẹni tó ti ru ẹyìn láti oko rí mọ̀ pé ìgbà kan wà tí wọn kì í sọ pé "ṣe gírí" fún ẹni tó ru ẹrù. Mo bọ́ bàtà rẹ̀, mo gbé Treasure kúrò níbẹ̀. Ó sùn láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀. Èmi nìkan ò lè yí púpurú kí n sì di ọmọ mú, nítorí náà ó jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó jí, a ro èyí tó jó náà, a fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́, ó korò. Ó ń jẹun lọ, kò gbójú sókè.

"Màmá, bí Bàbá bá tún wá ńkọ́?"

Bí mo ṣe mọ̀ pé ó máa ṣe é nìyẹn.

Ta ló wá fẹ́ sọ fún Bàbá Olúsànyà pé àdúrà rẹ̀ ló ba ìdánwò jẹ́? Mo pe Kingsley. Kingsley ní, "Ẹ kàn sọ fún Bàbá pé kí wọ́n má wá." Mo ní, "Ọmọ ọkùnrin ni ẹ́, bàbá rẹ ni, wá sọ ọ́ fún un." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Wàrí bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ ìdánwò kejì pé, mo gbé Treasure fún Janet, mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé Bàbá ní ìparí ìlú. Mo bá a tó ń nawọ́ mú sùtánà rẹ̀ lára ògiri. Ẹ̀mí tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.

"Bàbá, orúnkún mi ò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ gbàdúrà fún mi."

Ojú rẹ̀ tàn bí ọjọ́ ìkórè. "Ìyàwó! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí o sọ ọ́. Ó dáa. Kúnlẹ̀."

Mo ti gbàgbé apá ibẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Orí sìmẹ́ǹtì ni, kò sí ẹní. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Ábúráhámù. Ìgbàkigbà tó bá ti ń lọ sí ọ̀nà "lórúkọ Jésù", màá rí i pé ó fẹ́ parí, màá ní, "Bàbá, ìbàdí náà." Ó mú ìbàdí. Mo ní, "Bàbá, ojú mi." Ó mú ojú. Mo mú ọ̀rọ̀ Kingsley wá, kí ó lè máa wálé, ìyẹn gùn dáadáa. Mo mú ewúrẹ́ tí mo jù ní bàtà wá. Ẹsẹ̀ mi ti kú, n kò mọ̀ bóyá mo ṣì ní in. Mò ń ro ọmọ tó wà ní ìdí fèrèsé, mò ń ṣe Àmín, òógùn ń ṣàn lọ sí imú mi.

Nígbà tó yá, Bàbá fúnra rẹ̀ dákẹ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó nu iwájú orí. Ó ti rẹ òun náà.

"Ìyàwó, ṣé kò tíì tó?"

"Bàbá, ó ku ẹ̀yìn mi."

Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. "Ọmọ wa ńkọ́? Ìyàwó Kingsley. Ṣé ó wà nílé?"

"Ó wà nílé, Bàbá." N kò mọ ohun tí mo tún lè fi kún un. "Ó ń ṣiṣẹ́."

Bàbá wo sùtánà tó gbé kọ́ ara ògiri. Ó wo orúnkún mi lórí sìmẹ́ǹtì. Ó fa ẹní kan jáde lábẹ́ àga, ó tì í sábẹ́ mi.

"Ó dáa," ló wí. "Jẹ́ ká mú ẹ̀yìn yẹn."

Ó sì mú un, díẹ̀díẹ̀, eegun kọ̀ọ̀kan.

Ọlọ́kadà ló gbé mi wọlé bí àpò gaàrí. Morádéyọ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ojú rẹ̀ là, kò wo ibì kankan. Mo ṣubú tì í.

"Ó parí?"

"Ó parí, Màmá. Ẹnikẹ́ni ò wọlé."

"Ó dáa bí?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ sún díẹ̀, ẹsẹ̀ yín wà lórí mi."

"Ṣé ẹsẹ̀ mi nìyẹn? Mo rò pé mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá ni."

Èsì jáde nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kò gba máàkì tó ń dán, ṣùgbọ́n ó yege. Ó kà á sí mi létí bí ẹni ń sọ pé aṣọ tí a sá ti gbẹ, kò sì sí agbára láti fò sókè nínú ọ̀kankan nínú wa. Mo ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wá, jẹ́ ká kúnlẹ̀ dúpẹ́."

Ìyàwó mi di apá mi mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká jókòó dúpẹ́."